Kí Ṣúgà Má Wálẹ̀ Jù Lára Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Àtọ̀gbẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Òṣogbo

Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ ní Òṣogbo níbí, kì í pẹ́ tí ìmọ̀ràn fi máa ń kún ilé rẹ̀. Ìyá ìjọ á ní kó máa fún ewúro mu láràárọ̀. Àbúrò á ní kó jáwọ́ nínú iyán àti àmàlà pátápátá. Aládùúgbò á ní àgbo kan wà ní Ọjà-Ọba tó ń fọ̀ ọ́ dànù kíákíá. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù: kí ṣúgà má lọ sókè. Ẹ̀rù náà tọ́, torí ṣúgà tó bá ń ga lọ láti ọdún dé ọdún ń ba ojú, kídìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ṣúgà tó ga sábà máa ń pẹ́ kó tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Èyí tó wálẹ̀ jù lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbìyànjú jù lọ láti tọ́jú ara rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí: ó lo oògùn, ó mu ewúro, ó tún febi pa ara rẹ̀ lé e.

Ọpọlọ wa ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sì ní ibi tó ń kó o pamọ́ sí bíi ti ẹ̀dọ̀. Bí oògùn bá ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí oúnjẹ kò sì wọlé láti dí àyè rẹ̀, ọpọlọ ló máa kọ́kọ́ jìyà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ fi ń sọ̀sọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí, tàbí tó ń bínú láìnídìí.

Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá kọ iye tó kéré sí 70 mg/dL, ó ti wálẹ̀ jù nìyẹn, kódà kí ara yín le. Bó bá kéré sí 54, ewu ti wọlé. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ mmol/L ló ń kọ. Lórí irú ẹ̀rọ yẹn, 70 jẹ́ 3.9, 54 sì jẹ́ 3.0. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ yín dáadáa kí ẹ mọ èyí tó jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè rí 5.2 kó sì pariwo pé ṣúgà òun ti tán, nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ orúkọ oògùn tí ẹ ń lò

Kì í ṣe gbogbo oògùn àtọ̀gbẹ ló ń mú ṣúgà wálẹ̀ jù. Ẹ gbé páálí oògùn yín síwájú. Orúkọ gàdàgbà tó wà lórí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fún un. Orúkọ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ni oògùn náà gan-an, òun ni kí ẹ kà. Bó bá jẹ́ metformin nìkan, irú èyí tí wọ́n ń tà bíi Glucophage, kò wọ́pọ̀ kó já ṣúgà wálẹ̀ jù bí kò bá sí oògùn mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni insulin, ìyẹn ohun tí ara fi ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n tún ń gún bí abẹ́rẹ́, irú èyí tó wù kó jẹ́, àti àwọn hóró bíi glibenclamide tó wà nínú Daonil, glimepiride tó wà nínú Amaryl, àti gliclazide tó wà nínú Diamicron. Iṣẹ́ àwọn hóró yìí ni pé wọ́n ń fi tipátipá mú ara tú insulin jáde, ẹ jẹun o, ẹ kò jẹun o.

Nínú wọn, glibenclamide ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Ó ń pẹ́ lára, kídìnrín ló sì ń bá wa kó àṣẹ́kù rẹ̀ jáde. Bí kídìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, oògùn tàná á ṣì wà lára nígbà tí ẹ bá tún gbé tòní mì. Bí bàbá tàbí ìyá yín tó ti lé ní ọmọ ọdún 65 bá ń lò ó, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òmíràn wà tó rọrùn fún àgbàlagbà, kí ẹ sì ní kó yẹ kídìnrín wọn wò.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn hóró kan wà tó jẹ́ oògùn méjì ni wọ́n pò pọ̀ sínú wọn. Glucovance, fún àpẹẹrẹ, ní metformin àti glibenclamide nínú. Bí ilé ìwòsàn kan bá fún yín ní Daonil, tí kẹ́míìsì mìíràn tún ta Glucovance fún yín, oògùn kan náà lẹ ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú ọ̀rá kan, ti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà nígbà tí ẹ bá tún ń lọ. Ẹ má dárúkọ wọn lórí. Ẹ gbé wọn dání.

Ìgbésẹ̀ kejì: Oúnjẹ kí oògùn tó wọ ẹnu

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti fi omi gbé Daonil mì, torí ó fẹ́ tètè débẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ó ní bí òun bá pàtẹ tán, òun á ra ẹ̀kọ jẹ. Ó pàtẹ tán, ọjà bẹ́ sílẹ̀: ẹnì kan ń wá àǹkárá tí wọn yóò fi ṣe ìgbéyàwó, ẹlòmíràn ní èyí tí òun rà lánàá ń ṣí. Ó di aago mọ́kànlá. Òógùn bò ó lójú. Ó ka owó lẹ́ẹ̀mẹta, iye rẹ̀ kò bára mu. Ó jágbe mọ́ ọmọ tó ń bá a tajà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì ní oòrùn ló mú un, kó fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀. Oòrùn kọ́. Wákàtí márùn-ún ni oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nínú ikùn tí kò sí nǹkan kan.

Nítorí náà, kí oúnjẹ wà níwájú yín kí ẹ tó gbé hóró kankan nínú àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn mì. Bí oúnjẹ kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ kí oògùn ṣì wà nínú páálí. Ẹ lè gbé e dání lọ sọ́jà kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹlẹ́kọ bá dé ni ẹ óò lò ó. Glimepiride, oúnjẹ gidi àkọ́kọ́ tí ẹ bá jẹ lójúmọ́ ni ẹ fi í tì. Ní ti insulin tí wọ́n ní kí ẹ gún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹun, bíi Mixtard, ẹ má gún un nígbà tí ọbẹ̀ bá ṣì ń hó lórí iná. Kí oúnjẹ ti jinná, kó ti wà nínú abọ́ tàbí nínú kúlà, kí ẹ tó fa abẹ́rẹ́ yọ. Gáàsì lè tán. Àlejò lè wọlé.

Òde àríyá náà ń fa ìjàǹbá. Ẹni tó gún abẹ́rẹ́ nílé pé ìrẹsì ń bẹ lóde lè jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ kí oúnjẹ tó kan tábìlì wọn. Ẹ jẹ ohun tí ẹ máa ń jẹ nílé, kí ẹ lo oògùn yín, kí ẹ tó wé gèlè. Bí ti òde bá dé, ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀.

Ẹ má sì sá fún oúnjẹ. Iye tí ẹ ń jẹ ni dókítà fi díwọ̀n oògùn yín. Bí ẹ bá gé òkèlè kù sí ìdajì láìsọ fún un, oògùn kò mọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló máa jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dín oúnjẹ kù, tàbí tí ẹ ti fọn dáadáa láàárín oṣù mélòó kan, ó yẹ kí wọ́n tún oògùn náà wò. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní àkókò tí kò yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn, ló dára. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ń pẹ́ nínú, ó sì ń tú ṣúgà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmàlà tó mọ níwọ̀n pẹ̀lú ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ̀kọ mímu nìkan, láìsí àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tì í, máa ń tètè sáré gòkè, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ.

Bí àìsàn bá dé, tí ẹ ń bì, tí nǹkan kò sì dúró nínú yín, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn hóró tó ń fipá tú insulin jáde, kò yẹ kí ẹ máa gbé wọn mì bí oúnjẹ kò bá wọlé. Ti insulin yàtọ̀: ẹni tí ara rẹ̀ kò lè pèsè insulin rárá, irú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kò gbọ̀dọ̀ dá a dúró pátápátá, torí ìyẹn náà ń pani. Wọ́n lè dín in kù fún un, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ iye rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣọ́ ohun tó ń kún oògùn lọ́wọ́

Mi ò bá ewúro jà. Ẹ fi se ọbẹ̀ bó ti wù yín. Ṣùgbọ́n omi ewúro tí wọ́n fún, tí ẹ mu ife kan rẹ̀ lórí ikùn òfo, lẹ́yìn tí ẹ ti lo glibenclamide, iṣẹ́ kan náà ni ẹ bẹ àwọn méjì. Àgbo àtọ̀gbẹ tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgò tòní lè mú ju tàná lọ. Láwọn ibì kan láyé, wọ́n ti yẹ irú oògùn ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò tí wọ́n sì bá glibenclamide òyìnbó nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà. Kó bínú sàn ju kó má mọ̀.

Ọtí náà ńkọ́? Bí ṣúgà bá wálẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó tú èyí tó fi pamọ́ sílẹ̀. Ọtí kì í jẹ́ kó ráyè ṣe é. Ẹni tó mu ẹmu tàbí ògógóró lálẹ́ láìjẹun lè máa sùn lọ kí ṣúgà rẹ̀ sì máa wálẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn tó yí i ká á ní ọtí ló ń pa á. Ẹni tí kò bá lè fi ọtí sílẹ̀, kó jẹun dáadáa kó tó mu díẹ̀, kí ẹnì kan nínú ilé sì mọ̀ pé ó mu ún.

Nínú oògùn òyìnbó, kínínì tí wọ́n fi ń wo ibà líle ń mú ara tú insulin jáde. Septrin àti ciprofloxacin, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà lọ́wọ́ ara wọn ní kẹ́míìsì, lè fa ṣúgà wálẹ̀ gan-an bí wọ́n bá pàdé àwọn hóró àtọ̀gbẹ. Propranolol, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àyà jíjá, máa ń bo àmì mọ́lẹ̀: ọwọ́ lè má gbọ̀n, àyà lè má já, òógùn ni ẹ sábà máa rí. Gbólóhùn kan ló yẹ kó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín bí ẹ bá dé kẹ́míìsì: "Mo ń lo oògùn àtọ̀gbẹ o."

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí iṣẹ́ agbára bá wà níwájú

Iṣan ara tó ń ṣiṣẹ́ ń lo ṣúgà, kódà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ọjọ́ kejì. Ẹni tó fẹ́ lọ roko, tó fẹ́ da simẹ́ńtì, tàbí tó fẹ́ tẹ̀ lé Arugbá láti ààfin dé Igbó Ọ̀ṣun nínú oòrùn oṣù kẹjọ, kó jẹun kó tó jáde, kó sì fi ṣúgà sápò. Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, èrò pọ̀, ọ̀nà há, kò rọrùn láti rí ẹni tí ń ta nǹkan dídùn nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an. Kí ẹni tí ẹ jọ ń lọ mọ̀ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá àti onímọ́tò, ẹ wọn ṣúgà kí ẹ tó gbéra. Bó bá kéré sí 90, ìyẹn 5 lórí ẹ̀rọ kejì, ẹ jẹun ná. Bí ara yín bá yí padà lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ọkọ̀, ẹ má sọ pé ó ku Ọlá-Ìyá nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ bá ń gún insulin

Ẹ wo sírínjì kí ẹ tó wo ìgò. Insulin tó wọ́pọ̀ báyìí ni èyí tí wọ́n kọ 100 sí lára; sírínjì tirẹ̀ náà ní 100 lára, ìderí rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Sírínjì kan wà tí wọ́n kọ 40 sí, ìderí pupa. Ẹni tó fi sírínjì 40 fa insulin 100 títí dé àmì 10, ìwọ̀n 25 ló gún sára yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ ìwọ̀n rẹ̀! Bí ojú àgbàlagbà kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ máa bá wọn wo àmì náà kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.

Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibi tí ẹ ń gún. Ibi tí wọ́n bá gún títí máa ń wú, ó ń di kókó rọ̀bọ̀tọ̀, insulin kì í sì í gba ibẹ̀ wọlé bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá wá ṣí kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tó dán, gbogbo rẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan, ṣúgà á sì já. Bí ẹ bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀, ẹ fi han nọ́ọ̀sì kí ẹ tó ṣí lọ.

Ooru tún ní tirẹ̀. Bí kò bá sí iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí ìgò insulin sì wà lórí fèrèsé, agbára rẹ̀ á dín. Ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, dókítà á fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra ìgò tuntun, èyí tí agbára rẹ̀ pé, ẹ sì fi ìwọ̀n ńlá yẹn gún un: ó di ìṣubú. Ìgò tí ẹ kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín. Èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ibẹ̀ bá tutù. Ìkòkò amọ̀ méjì, kí ọ̀kan wà nínú èkejì, kí iyanrìn tútù wà láàárín wọn, kí ẹ gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí iyanrìn náà, ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ fi ọ̀rá wé ìgò náà kí omi má kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Wíwọn ṣúgà, àti òru

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gún ìka. Omi ọsàn tó bá wà lọ́wọ́ lè mú kí ẹ̀rọ sọ pé ṣúgà ga nígbà tó ti wálẹ̀. Sítíríìpù, ìyẹn pépà tí ẹ ń ti bọ ẹ̀rọ, wọ́n, mo mọ̀. Bí agbára yín kò bá ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀, ẹ má ná gbogbo rẹ̀ sórí àárọ̀ nìkan. Ẹ wọn ọ̀kan láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, ọ̀kan lọ́jọ́ mìíràn kí ẹ tó jẹ oúnjẹ alẹ́, ọ̀kan nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ fún ìgbà tí ara bá yí padà. Ẹ kọ iye àti àkókò rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹni tó ń gún insulin nírọ̀lẹ́, òru ló yẹ kó bẹ̀rù jù, torí apá kan nínú insulin náà máa ń lágbára jù lọ nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Bí ṣúgà bá kéré sí 100 nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀: búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin, tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Bí aṣọ tí ẹ fi sùn bá rin gbingbin fún òógùn, bí ẹ bá ń lá àlá ẹlẹ́rù, tàbí tí ẹ ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, ẹ ta jí ní aago méjì tàbí mẹ́ta òru lọ́jọ́ kan kí ẹ wọ̀n ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti ń gbàdúrà lórí irú àlá yìí tó jẹ́ pé ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí wọ́n dín. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì wọ̀n ọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ààwẹ̀

Mùsùlùmí pọ̀ nílùú yìí, àwa onígbàgbọ́ náà kì í sì í jẹ́ kí ọdún lọ láìgbààwẹ̀. Ẹni tó ń lo insulin tàbí àwọn hóró tí mo dárúkọ kò gbọ̀dọ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà ní oṣù kan sí méjì ṣáájú Ràmàdáánì, kó sọ bóyá ẹ lè gbà á, kó sì tún àkókò àti ìwọ̀n oògùn tò. Súrà Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹ bi àáfà yín nípa bí ẹ ṣe máa san án padà tàbí bí ẹ ṣe máa bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ lè gbà á, ẹ jẹ́ kí sààrì yín súnmọ́ ìdájí, ẹ má jẹ ẹ́ ní aago kan òru kí ẹ tún padà sùn. Gígún ìka wọn ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Bó bá kéré sí 70, tàbí tó ju 300 lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìbáà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pe ìrun. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu, tí àwọn ìjọ kan ń gbà, kì í ṣe fún ẹni tó ń lo àwọn oògùn yìí. Mo rọ àwọn pásítọ̀ kí wọ́n máa sọ ọ́ gbangba látorí pẹpẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Kí ará ilé mọ àmì rẹ̀ àti ohun tí wọ́n máa ṣe

Àwọn àmì àkọ́kọ́ ni òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà tó ń lù kìkì, ebi òjijì, orí fífọ́, ojú tó ń ṣú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu, èèyàn á máa bínú tàbí kó máa wo ṣùù, kò ní rántí ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá ń wálẹ̀ léraléra lè má rí àmì àkọ́kọ́ wọ̀nyí mọ́ rárá. Ìṣubú nìkan ni yóò rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò kí dókítà tú oògùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bí ṣúgà kò bá wálẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmì náà sábà máa ń padà wá.

Bí àmì bá yọ, ẹ wọn ṣúgà. Bí ẹ̀rọ kò bá sí nítòsí, ẹ ṣe bí ẹni pé ó ti wálẹ̀. Ẹ fún un ní nǹkan dídùn tó ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n gíráàmù 15: ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́rin nínú omi díẹ̀, tàbí hóró ṣúgà kúùbù mẹ́rin kó rún un lẹ́nu, tàbí oyin ṣíbí ìjẹun kan, tàbí mínírà tó tó mílílítà 150, bíi ìdajì ife. Ẹ ka ara ike mínírà náà: bí wọ́n bá kọ "zero" sí i, kò ní ṣúgà, kò sì wúlò níbí. Ẹ má fi àkàrà, ẹ̀pà, wàrà tàbí ṣokoléètì ṣe é, torí ọ̀rá inú wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà yára.

Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́. Bí kò bá tíì tó 70, ẹ tún fún un ní ìwọ̀n kan náà. Kì í ṣe kó mu odidi ike méjì nítorí ìbẹ̀rù. Bó bá ti gòkè, kó jẹ oúnjẹ gidi bí àkókò oúnjẹ tó kàn bá ju wákàtí kan lọ. Kí ṣúgà wà nínú báàgì, lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú ìsọ̀, nínú mọ́tò. Kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ti oògùn ni, kí wọ́n má fi mu gàrí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí kò bá dáhùn mọ́

Bó bá dákú, tàbí gìrì mú un, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kì í ṣe omi, kì í ṣe mínírà, kì í ṣe àgbo. Ẹ má ti ṣíbí bọ eyín rẹ̀. Ohun olómi á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ òkè rẹ̀ síwájú kó má baà yí dojúdé, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bí dókítà bá ti fún yín ní abẹ́rẹ́ glucagon, tó ń mú ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sílẹ̀, ìsinsìnyí ni kí ẹ gún un. Ẹ má gún insulin rárá, kódà bí ẹnikẹ́ni bá ní ṣúgà ló gòkè.

Kí ẹ sì máa gbé e lọ. Ilé ìwòsàn UNIOSUN, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, àti ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro wà nínú ìlú. Bí èyí tó sún mọ́ yín bá lè fa omi ṣúgà sí i lára, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ ti mọ̀ láti ìsinsìnyí ọkọ̀ ta ni ẹ óò kanlẹ̀kùn fún ní aago méjì òru, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹ gbé páálí oògùn dání. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ṣúgà ló wálẹ̀."

Bó bá lajú lẹ́yìn omi ṣúgà, ẹ má tíì kó ẹrù. Ẹni tó jẹ́ glibenclamide tàbí irú rẹ̀ ló lò, ṣúgà lè tún já lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oògùn náà ṣì wà lára rẹ̀. Kó sùn sí ilé ìwòsàn kí wọ́n máa wọ̀n ọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló fà á? Ẹ̀wo nínú àwọn oògùn wọ̀nyí la máa dín kù tàbí pààrọ̀? Ọjọ́ wo la máa padà wá kí ẹ tún wò ó? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ń kọ ṣúgà sí.